Inú Rírun Òjijì: Ohun Tó Fà Á Ni Ká Béèrè, Kì í Ṣe Ẹni Tó Fà Á

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìtọ́jú Ọmọ Ẹgbẹ́ bá àwọn èèyàn wa sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa)

  

Ọdọọdún la máa ń dìde níbí láti ka iye tí a dá jọ, iye ẹ̀yáwó tó jáde àti èrè tí a pín. Akápò ti ka ti ọdún yìí, ẹ sì ti pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ ìtọ́jú gbé wá yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa létí. A mọ̀ pé òórùn ọbẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ń pè yín, àmọ́ kò ní pẹ́.

Ẹ ò ní gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà wa lọ́dún tó kọjá. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa la wà níbẹ̀. Ìyá wa kan tó ń ta èlùbọ́ jẹun ọ̀sán ní ìsọ̀ olóńjẹ wa, àmàlà àti ewédú, bó ṣe máa ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn tó fi igbe ta. Ó ní ó dà bíi pé èèyàn fi ọ̀bẹ gún òun lókè ìdodo. Ó ká jọ sórí ẹní, kò lè yí padà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan inú òun. Inú náà le gbagidi bíi pákó. Nígbà tó yá, ó ní èjìká òun náà ń dun òun. A tilẹ̀ bínú sí i díẹ̀, a ní kí ló kan èjìká nínú ọ̀rọ̀ inú rírun.

Kí wá la ṣe? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, nítorí àwa ìgbìmọ̀ gan-an wà lára wọn. Ẹnì kan gbé epo pupa wá, ó ní kó mu ún kí májèlé lè rọ̀. Ẹnì kan gbé mílíìkì alágolo wá. Ẹnì kan sáré lọ ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Wọ́n tún lọ pe ẹni tó ń ta oògùn lẹ́bàá ọ̀nà, ìyẹn náà gún un ní abẹ́rẹ́ kan tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó bi ìyá náà ní ìbéèrè gidi kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu gbogbo wa ni pé: "Oúnjẹ ta ló jẹ?"

Ìdáhùn ìyẹn ò le. Kó tó ṣẹ́jú, àwọn kan ti dé ìsọ̀ olóńjẹ. Wọ́n da ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ nù, wọ́n ní kó jẹ èyí tó ṣẹ́ kù lójú gbogbo èèyàn. Ó jẹ ẹ́ o. Tẹkúntẹkún ló fi jẹ ẹ́. Ohunkóhun ò ṣe é, síbẹ̀ a ò gbà. A ní ó ti lo ẹ̀rọ̀ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ ṣú, wọ́n gbé ìyá wa lọ sílé. Lóru ọjọ́ yẹn, ìrora náà dẹwọ́ díẹ̀. Ṣé ẹ rántí bí a ṣe yọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì? A ní epo ti ṣiṣẹ́. A ò mọ̀ pé irú àìsàn yẹn máa ń tan èèyàn bẹ́ẹ̀: ìrora á rọlẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà á padà wá bíi kìnnìún. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, inú ti wú, ara gbóná, ó ń bì, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ọsibítù. Ó ti lé ní wákàtí 24.

Dókítà tẹ inú rẹ̀, wọ́n gbé e jókòó, wọ́n ya ẹ̀kísíréè. Wọ́n rí afẹ́fẹ́ níbi tí kò yẹ kí afẹ́fẹ́ wà, lábẹ́ awọ tó pààlà láàárín àyà àti ikùn. Wọ́n ní àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń kọ́kọ́ bọ́ sí, ti lu. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lóru yẹn, ihò tí wọ́n bá níbẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Láti ibẹ̀ ni omi kíkan inú àpòlúkù, oúnjẹ, àti epo tí a fún un mu, ti ń tú jáde sínú ikùn rẹ̀. Èjìká tó ń dùn ún náà, ibẹ̀ ló ti wá: iṣan tó ń ran awọ yẹn, ọ̀nà kan náà ló bá ti èjìká pàdé.

Dókítà wá jókòó tì í, ó bi í léèrè ohun tí kò sẹ́nì kankan nínú wa tó bi í: "Ìyá, oògùn wo lẹ̀ ń lò?" Ọmọ rẹ̀ tú báàgì ọjà rẹ̀. Oògùn ara ríro ló kún inú ọ̀rá. Orúnkún ló ń dun ìyá wa nítorí àpò èlùbọ́ tó ń gbé sókè sódò. Ó ti lé ní ọdún 2 tó ti ń gbé oògùn yẹn mì láàárọ̀ kùtùkùtù, láìjẹun, nígbà mìíràn oríṣi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Májèlé tí à ń wá lọ sínú ìkòkò ẹlẹ́ran-ara, inú báàgì rẹ̀ ló wà. Owó rẹ̀ ló fi rà á, a sì jọ ń rà á ni.

Àgbà ní, ohun tó ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ta ni nínú wa tí orúnkún tàbí ẹ̀yìn kì í dùn? Ẹ jẹ́ ká tú báàgì tiwa náà wò.

OÒGÙN ARA RÍRO ÀTI ỌGBẸ́ INÚ

Oògùn bíi ibuprofen, diclofenac, piroxicam àti aspirin dára nígbà tí dókítà bá ní ká lò ó, ní ìwọ̀n tó sọ, fún ọjọ́ tó sọ. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ìrora, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dín ohun tó ń dáàbò bo awọ inú àpòlúkù kù. Omi kíkan tó ń lọ oúnjẹ á wá máa jẹ awọ náà fúnra rẹ̀. Ó lè di ọgbẹ́, ọgbẹ́ náà lè máa ṣẹ̀jẹ̀, ó sì lè lu. Ewu yìí pọ̀ sí i fún àgbàlagbà, fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tẹ́lẹ̀, àti fún ẹni tó bá ń pa oríṣi méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Oògùn pélébé àti ti oníyẹ̀fun inú ọ̀rá lè jẹ́ nǹkan kan náà lábẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Paracetamol ò sí lára wọn ní ti ọgbẹ́ inú, ṣùgbọ́n òun náà, tó bá ti kọjá ìwọ̀n, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́.

Ohun kejì tó ń fa ọgbẹ́ inú ni kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori. Tẹ́lẹ̀, wàhálà àti ata ni àwọn èèyàn máa ń sọ pé ó fà á. Lọ́dún 1982, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, dókítà méjì, Barry Marshall àti Robin Warren, rí kòkòrò yìí tọ́ dàgbà látinú àpòlúkù àwọn aláìsàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ò fẹ́ gbà. Lọ́dún 1984, Marshall fúnra rẹ̀ gbé omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mu, inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lọ́dún 2005 ni wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Lónìí, oògùn wà tó ń pa kòkòrò náà, tí ọgbẹ́ á sì jinná. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá aláta, ẹ jókòó dáadáa! Ata lè ta ọgbẹ́ tó ti wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ata ló dá a sílẹ̀.

GBOGBO INÚ RÍRUN KỌ́ NI ỌGBẸ́ INÚ

Ẹ má wá sọ lọ́la pé ẹgbẹ́ ní gbogbo inú rírun òjijì, oògùn ara ríro ni. Inú dà bí ọjà wa yìí: ìsọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ibi tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀ ló ń júwe ẹni tó yẹ ká lọ bá.

Tó bá bẹ̀rẹ̀ ní àyíká ìdodo, tó wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀tún ìsàlẹ̀ ikùn, tí oúnjẹ ò wu èèyàn jẹ mọ́, ó lè jẹ́ apẹ́ńdíìsì. Tó bá jẹ́ abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá, ó lè jẹ́ òkúta inú òróòro. Tó bá ń ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn bọ̀ wá sí abẹ́, tí èèyàn ń yí gbirigbiri tí kò lè dúró sójú kan, ó lè jẹ́ òkúta kíndìnrín. Tí inú bá ń wú, tí èèyàn ń bì, tí kò lè yàgbẹ́ tí kò sì lè sọ̀, ìfun lè ti dí tàbí kó ti lọ́. Tí ibà bá ti mú ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí inú wá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í run ún gan-an, ẹ rántí tàífọ́ọ̀dù, nítorí ó máa ń lu ìfun.

Ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin tí ẹ ṣì ń bímọ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Tí nǹkan oṣù bá ti yẹ̀, tí ìsàlẹ̀ ikùn wá ń dùn lójijì, tí òòyì ń kọ́ni tàbí tí èèyàn dákú, ó lè jẹ́ oyún tó dúró síbi tí kì í ṣe ilé ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú ikùn láìjẹ́ pé a rí i níta. Èyí kò ní wákàtí tí à ń kà. Ẹ gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ìtìjú má pa ẹnikẹ́ni: kí ẹ sọ fún dókítà pé nǹkan oṣù yẹ̀, yálà ọkọ wà nílé tàbí kò sí.

Àwọn kan tún wà tí kì í ṣe inú gan-an ló ń ṣe wọ́n. Àgbàlagbà lè máa sọ pé òkè inú ń dun òun, kó sì jẹ́ ọkàn ló níṣòro. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ṣúgà rẹ̀ ti kọjá àlà, inú lè máa run òun náà kó sì máa bì. Ọmọ tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, inú wà lára ibi tí ìrora ti máa ń bá a jà. Ìdí nìyẹn tí a ò fi lè jókòó sórí àpótí lọ́jà ká sọ pé a mọ̀ ọ́n.

WÁKÀTÍ MẸ́FÀ

Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Zachary Cope, kọ ìwé kan lọ́dún 1921 lórí inú rírun òjijì, àwọn dókítà sì ń lo ìwé náà títí dòní. Nínú ohun tó kọ́ wọn ni pé tí ara ẹnì kan bá ti ń le tẹ́lẹ̀, tí inú wá ṣàdédé run ún gan-an tó fi tó wákàtí 6 láìlọ, lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ abẹ ni. Kì í ṣe pé ká jókòó ka wákàtí 6 pé o. Ohun tó túmọ̀ sí fún wa ni pé inú rírun tó le, tí kò lọ, kì í ṣe ohun tí à ń gbé sùn.

Ẹ má dúró rárá tí inú bá le bíi pákó, tí èèyàn bá ń bi ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tó bá dákú, tí ara bá gbóná pẹ̀lú ìrora náà, tàbí tí ìpá tó máa ń wọlé bá yọ jáde tí kò padà mọ́ tó sì ń dùn.

Kí ẹ tó dé ọsibítù, ẹ má fún un lóúnjẹ. Ẹ má fún un ní epo, àgbo, tàbí oògùn ìyàgbẹ́. Ẹ má fún un ní oògùn ara ríro mìíràn lórí èyí tó ti lò. Ẹ má fọwọ́ ra inú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera gún un lábẹ́rẹ́.

Ohun tó yẹ ká gbé lọ́wọ́ lọ ni ìdáhùn. Kí ẹni tó bá mọ̀wé kọ ọ́ sórí ìwé kó tó di pé aláìsàn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́: Aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀? Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀, níbo ló wà báyìí? Ṣé ó ń wá ó ń lọ ni, àbí kò dákẹ́? Kí ló tẹ̀ lé e: èébì, ibà, ìgbẹ́ gbuuru, àìlètọ̀? Ìgbà wo ni nǹkan oṣù wá kẹ́yìn? Oògùn wo ló ń lò, àti ti àgbo náà? Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un rí? Ẹ kó gbogbo oògùn inú báàgì rẹ̀ dání. Ìdáhùn wọ̀nyí ni dókítà fi ń mọ̀ bóyá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, sikáànù tàbí ẹ̀kísíréè ló kọ́kọ́ yẹ.

Nígbà mìíràn, wọ́n á yẹ gbogbo ẹ̀ wò, wọn ò ní rí nǹkan. Èyí máa ń dun èèyàn, nítorí pé a fẹ́ gbọ́ orúkọ ohun tó ṣe wá. Àmọ́ pé wọn ò rí i lónìí kò sọ pé irọ́ lẹ̀ ń pa, kò sì sọ pé ayé ló ń ṣe yín. Ẹ bi dókítà pé: "Kí lẹ ti rí dájú pé kì í ṣe òun? Kí ni mo bá rí tí mo fi gbọ́dọ̀ padà wá?" Ẹ tọ́jú ìwé àyẹ̀wò. Tó bá tún dé, ẹ padà síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà. Ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìdáhùn ti ń yọ fún ẹlòmíì.

NÍ TI OWÓ

A mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ ní: "Owó dà?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a mọ ẹ̀tọ́ wa. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ ní abala 20 pé ilé ìwòsàn ò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, ohun yòówù tí ì báà fà á. Ẹni tó bá kọ̀ lè san ìtanràn ₦100,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Ìtọ́jú ò tìtorí ìyẹn di ọ̀fẹ́ o, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kú sí ẹnu géètì. Òfin ọdún 2022 náà sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, kì í ṣe fún òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan mọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ ní tiwọn, bíi Ìlera Èkó ní Èkó àti OYSHIA ní Ọ̀yọ́, ọlọ́jà sì lè wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ara ṣì le.

Ẹgbẹ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ ìyá wa wá bá wa fún ẹ̀yáwó. A ní kó dúró di ọjọ́ ìpàdé, kó sì mú onídùúró méjì wá. A tẹ̀ lé ìwé òfin ẹgbẹ́, àmọ́ ìwé òfin yẹn ì bá ti di ìwé òkú. A ń bẹ ìpàdé gbogbogbòò pé kí ẹ yọ owó pàjáwìrì ìlera sọ́tọ̀, kí Alága, akápò àti ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa lè jọ fọwọ́ sí i lórí fóònù, ọ̀sán àti òru, kí ti onídùúró wá tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin lẹ máa sọ iye tó máa jẹ́. Owó tí a kó jọ, tí kò lè gbé wa dé ọsibítù, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ó wá ku ẹ̀bẹ̀. Ìyá olóńjẹ wa ò wá sọ́jà fún oṣù 3. Nígbà tó padà, àwọn kan ṣì ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ kọjá kí wọ́n má baà kí i. Àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan tí a fi dá a lẹ́bi. Ẹgbẹ́ ti ra ìkòkò mìíràn fún un, àmọ́ orúkọ kì í ṣe ohun tí à ń rà lọ́jà. Ìyá wa tó ń ta èlùbọ́ ló kọ́kọ́ ṣe ohun tó yẹ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà sọ́jà, tí ojú abẹ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, ìsọ̀ olóńjẹ yẹn ló lọ tààrà, ó jókòó níwájú, ó ní kí wọ́n bu àmàlà wá fún òun.

Nítorí náà, ìyá wa, níwájú Ìyálọ́jà àti gbogbo ẹgbẹ́, àwa ìgbìmọ̀ ìtọ́jú kúnlẹ̀. A ṣẹ̀ yín. Ẹ má bínú. Ẹ fi orí jì wá.

Ẹ̀yin èèyàn wa, oúnjẹ tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán lẹ́yìn yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló sè é. Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa. Tí inú bá sì run ẹnikẹ́ni lọ́la, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè.

Ẹgbẹ́ wa ò ní tú. Ọdún á yabo o.